Ògiri Má-Fọwọ́-Kàn-Án

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ dára gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí ènìyàn bá ti yọjú síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kódà kí onítọ̀hún tó ráyè kí i. Wẹ́dà tí ògiri kan pààlà láàárín wọn máa ń sọ pé bí ikú bá wá mú bàbá yìí, ohun tó máa gbọ́ náà nìyẹn, yóò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Inú yàrá tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń sùn kó tó lọ sílé ọkọ ló ti ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ti ń kan àga ti kógbá sílé. Yàrá náà há débi pé bó bá fẹ́ yí pákó gígùn padà, ó ní láti kọ́kọ́ tì í gba ojú fèrèsé jáde ná. Inú àpótí kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń gun ara wọn lórí, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló mọ orí àti ìdí wọn. Àfi bó ṣe di ọdún yìí tó ṣàdédé kan pákó fífẹ̀ kan mọ́ ògiri, tó gbá ìṣó sí i lára, tó sì ń tún ibẹ̀ tò bí ẹni tó ń retí àlejò.

Àlejò kankan kò ń bọ̀. Ojú rẹ̀ ló ń lọ.

Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń rọra pa fèrèsé dé díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò yá ìṣó lọ́wọ́ aládùúgbò rí kò ní wá bẹ̀rẹ̀ sí í yá ojú lágbà. Ó rò ó títí, ó wá rí i pé bí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní àyè tí kì í yẹ̀, ọwọ́ á ṣe iṣẹ́ tí ojú kò lè ṣe mọ́, òun á sì máa bá iṣẹ́ òun lọ. Nítorí náà, kò tò wọ́n bí ó ṣe máa wu ẹni tó ń wò ó. Èyí tí ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń wá ló wà nítòsí jù. Òòlù wà ní ìwọ̀n èjìká, lápá ọ̀tún. Ó kọ́ ayùn kó kọjú eyín sí ògiri, kó lè jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọwọ́ máa bá. Ó so okùn mọ́ agolo ìṣó kọ̀ọ̀kan, ó ta kókó sí i: àwọn ìṣó kéékèèké ní kókó kan, àwọn tó tóbi ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, á pọ́n irin, á fi epo pa á kó má baà dípẹtà, ṣùgbọ́n epo kò gbọdọ̀ kan igi ìdí rẹ̀, torí irinṣẹ́ tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ ti di ọ̀tá olówó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bá a lọ́jọ́ kan níbi tó ti dijú tó ń fọwọ́ pa ògiri. Ó rò pé àdúrà ló ń gbà. Ó rọra padà sẹ́yìn, ó sì ṣe àmín.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá sọ pé òun ń lọ wo ìde ilẹ̀kùn lọ́jà. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ló lọ. Dókítà náà fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé èyí tó ti lọ nínú ojú náà ti lọ. Oògùn wà tó lè bẹ èyí tó kù pé kó dúró díẹ̀, àmọ́ òun kò lè bá a dá ìgbà.

Kó tó dé, inú ìyá télọ̀ dùn sí bí ọkọ òun ṣe tún ń fìtara ṣiṣẹ́, ló bá ní òun á yà á lẹ́nu. Ó tún ògiri náà tò, láti orí èyí tó tóbi jù dórí èyí tó kéré jù. Ó yí eyín ayùn síta kó lè máa dán. Ó fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pa gbogbo wọn, tirin tigi. Àwọn okùn ara agolo kò mọ́ lójú rẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé wọn dànù.

Bàbá wọlé, ó na ọwọ́ sí òòlù. Eyín ayùn ló kí i káàbọ̀.

“Ta ló wọ yàrá yìí?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. “Èmi ni o, Bàbá wa!” Ìyá ti sáré dé, ó ń retí ìyìn. “Ó rẹwà, àbí kò rẹwà?”

Bàbá fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. “Ó rẹwà. Ó rẹwà gan-an ni.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kì í yin ọbẹ̀! Ó yá, ẹ tún un sọ, kí aládùúgbò gbọ́... Kí ló ń kán sílẹ̀ yẹn?”

“Kò sí nǹkan. Ayùn ló bù mí jẹ díẹ̀.”

Ìyá fa ọwọ́ náà yọ, ó fi àjákù aṣọ tó wà léjìká rẹ̀ wé e. “Ayùn tó tóbi tó báyìí, tó ń kọ mọ̀nà? Ṣé ẹ ò rí i ni?”

Oríṣiríṣi irọ́ ló ti wà nílẹ̀ tí bàbá ti ń tọ́jú de ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Mi ò rí i.”

Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọkọ rẹ̀, ó jù ú síwá sẹ́yìn. Bàbá kò mira.

“Ìde tí ẹ lọ wò ńkọ́?”

“Kò sí ìde kankan. Ilé ìwòsàn ojú ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti ṣe díẹ̀.”

“Èmi sì rò pé àdúrà lẹ ń gbà lára ògiri! Mo tún ṣe àmín sí i!” Ó jókòó lórí pákó, ó sunkún títí omi fi tán lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó fun imú. “Ó yá. Ibo ni òòlù máa ń wà?”

Àwọn méjèèjì ló jọ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìyá fi èérún pákó fa epo kúrò lára igi ìdí irinṣẹ́. Òun ló sì so okùn tuntun mọ́ àwọn agolo, tó ta kókó tó dára ju ti bàbá lọ.

Nígbà tí ọgbẹ́ jiná, bàbá ní kí ó fi aṣọ di òun lójú, kí àwọn wò ó bóyá iṣẹ́ ṣì kù lọ́wọ́ òun. Wẹ́dà ti wá yá ẹ̀mú, ó dúró wòran. Ìyá ń pe irinṣẹ́, bàbá ń mú un. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

“Ẹ gbà mí!” wẹ́dà pariwo. “Bàbá yìí ń fi èékánná ríran! Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀mú kó tó rí mi.”

“Má fọwọ́ kàn án,” bàbá ní, àwọn mẹ́ta sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó wá mú irin tó fi ń gbẹ́ ihò, ó gbé ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tí igi ìdábùú máa wọ̀. Ìró rẹ̀ dùn, ó ń lọ déédéé. Ó parí. Wẹ́dà, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ṣàdédé rántí pé òun fi iná sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

“Báwo ló ṣe rí?” bàbá bi ìyàwó rẹ̀.

Ìyá wo ihò náà, tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà orí ọ̀mùtí. “Ó gún régé,” ó ní.

Bàbá ki ìka bọ inú ihò náà. Ó fi tọ etí rẹ̀ kan, ó tọ ìkejì. Ó ti ń gbẹ́ irú rẹ̀ kó tó mọ obìnrin yìí rárá. Ó jẹ́ kí ìka náà pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ sí i.

“O ṣé,” ó ní.

Kò tú aṣọ ojú rẹ̀. Ó fi àkísà elépo nu irin náà dáadáa, ó na ọwọ́ sí ògiri, ó sì fi kọ́ sórí ìṣó rẹ̀ láì wá a kiri.