Ọjọ́ Tí Báǹkì Ti Àkáǹtì Mi Pa

N kò lè gbàgbé ọjọ́ Ajé tí báǹkì ti àkáǹtì mi pa. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì pé owó tí n kò mọ ibi tó ti wá wọlé fún mi. Gbogbo ìjọ jó, mo sì san ìdámẹ́wàá.

Nígbà tí owó kò jáde mọ́, mo lọ bá akọ̀wé báǹkì. Ó ní, “Bọ̀dá, ta ló fowó ránṣẹ́ sí yín?”

Mo ní, “Olúwa ni, mà.”

“Olúwa yín ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀. Ó ń sunkún lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, ó ní ẹ lu òun ní jìbìtì.”

Owó tí ìyá mi fi ń ra ẹ̀gẹ́ tó ń fi ṣe gàrí wà nínú àkáǹtì náà.

Ìyá mi kò bú mi. Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ ń bá àwọn ẹlòmíì bó ẹ̀gẹ́ gbowó. Mo jókòó tì í, mò ń bó tèmi, n kò lè wo ojú rẹ̀.