Àfòmọ́ Inú Ohun Ọ̀fẹ́

Ìró ìgbátí àkọ́kọ́ gba inú sípíkà jáde, nítorí pé maíìkì ṣì wà lọ́wọ́ òsì Bàbá Ìjọ nígbà tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá tíṣà létí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ bí ìgbà tí igi bá dá. Kí ìró náà tó lọ tán, tíṣà ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn wáyà, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń jáde ní etí òsì rẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òde-Ayé. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè síwájú pẹpẹ. Wọ́n á kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kéègì epo pupa wá, wọ́n á kọjú sí ìjọ, àlùfáà á sì gbàdúrà fún wọn. Lórí ògiri ẹ̀yìn wọn ni prójẹ́kítọ̀ ti ń gbé ọ̀rọ̀ orin jáde. Tíṣà ló ń darí rẹ̀ láti orí láàpútọ́ọ̀pù ìjọ. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ìwé girama tó wà nítòsí, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Èmi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkìtìpupa. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo ń tú wọn, mo ń tò wọ́n padà, títí mo fi mọ̀ wọ́n délé, mo sì fẹ́ràn wọn ju bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn ohun tí kò lẹ́mìí lọ.

Nígbà tó kan ẹbí Bàbá Ìjọ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tò síwájú. Ó ń fi maíìkì dúpẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ orin pa rẹ́, tí obìnrin kan sì yọ sórí ògiri ní ìhòòhò, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, ó dùbúlẹ̀ sókè orí gbogbo wọn. Òmíràn tún yọ. Àwọn ìyá bo ojú ọmọ wọn. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó kẹ̀yìn sí ògiri. Nígbà tó yíjú padà, ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn. Òun àti tíṣà ti jọ fa ọ̀rọ̀ prójẹ́kítọ̀ yìí nípàdé àwọn àgbà. Bàbá ní ìwé orin tó wa, tíṣà ní ayé ti kọjá ìyẹn. Ó gbà pé tíṣà ló ń gbẹ̀san.

Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀kan gbé àga onírin, ó là á mọ́ tíṣà léjìká. Òmíràn ju kéègì epo lù ú, ìdérí rẹ̀ ṣí, epo sì dà lé e lórí. Nígbà tí mo kó sáàárín wọn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ epo àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Àga náà bà mí lẹ́nu, eyín mi kan já sọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ń bi í lẹ́yìn mi pé, “Tíṣà ìṣirò, obìnrin mélòó ló kù nínú ẹ̀rọ yẹn?”

Àlùfáà ló wọ́ wa wọ yàrá ìmúra, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ Bàbá dúró síta pẹ̀lú àdá oko. Wọ́n ní bí ìsìn bá parí tí a ò ní àlàyé, àwọn á wọ́ ọ jáde. Ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi wá kù sínú láàpútọ́ọ̀pù kan tí epo ti ta sí.

Mo bi í kí ló fi kún un láìpẹ́. Ó fi ètè wíwú sọ pé ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń gbé orin sórí ògiri ni. Kọ̀ǹpútà ilé ìwé ló fi gbà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi fláàṣì gbé e wá, ó sì kàn ń tẹ “mo gbà, mo gbà” títí tó fi wọlé.

Ìyẹn tó mi. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ń wọlé, ó máa ń bi ọ́ bóyá ọ̀nà kíákíá ni o fẹ́ tàbí o fẹ́ yàn fúnra rẹ. Ẹni tó bá yan kíákíá kò ní rí àpótí kékeré kan tí wọ́n ti fàmì sí dè é, tó ní kí wọ́n kó “olùrànlọ́wọ́” kan mọ́ ọn. Olùrànlọ́wọ́ yẹn ni amí. Á máa wo ibi tí o lọ àti ohun tí o tẹ̀, á máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, á sì máa gbé ìpolówó-kípolówó, títí kan ti ìhòòhò, sí ọ lójú nígbàkígbà tó bá rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láàpútọ́ọ̀pù ìjọ kì í rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ ìkórè yìí ni wọ́n so ó mọ́ fóònù, kí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun lè wo ìsìn.

Mo ní kí àlùfáà pe Bàbá wọlé. Mo yọ láàpútọ́ọ̀pù tèmi jáde nínú àpò mi, èyí tí mi ò jẹ́ kí ìdọ̀tí kankan kàn rí. Mo ki fláàṣì tíṣà bọ̀ ọ́, mo tẹ “mo gbà” bó ṣe tẹ̀ ẹ́, mo so ó mọ́ fóònù mi. Ó dà bí ẹni tó ń da májèlé sí kànga ilé ara rẹ̀. Bàbá dúró lẹ́yìn mi, ó ń mí gúlegúle. A dúró, a ò rí nǹkan kan. Ló bá gbá mi lọ́rùn mú láti ẹ̀yìn.

“Ìwọ náà wà níbẹ̀,” ó ní.

Ojú mi ti ń ṣókùnkùn nígbà tí obìnrin náà yọ, lórí kọ̀ǹpútà tí tíṣà kò fọwọ́ kàn rí. Ọwọ́ tó wà lọ́rùn mi tú díẹ̀díẹ̀.

“Ta ló fi síbẹ̀?”

“Àfòmọ́ ni, Bàbá. Ẹ̀yin gbin kòkó, ẹyẹ gbé àfòmọ́ lé e. Ẹ ò ránṣẹ́ pè é.”

Ó wo tíṣà, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń tu ẹ̀jẹ̀ sínú aṣọ akọrin kan.

“Ta wá ni mo lù?”

Ó ṣílẹ̀kùn, ó gba àdá lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń fi pẹlẹbẹ rẹ̀ nà wọ́n yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká.

Nígbà tó padà wọlé, ó dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń pa amí náà nínú láàpútọ́ọ̀pù ìjọ. Mo yọ ọ́, ó hù padà. Bàbá ní, “Àfòmọ́ tí o gé tí o ò já ìdí rẹ̀, ṣe ló ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín.” Mo wá ìdí rẹ̀. Ọ̀kan wà lára ohun tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà láàárín àwọn ètò tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta ló burú jù: agogo kékeré kan tó ń pè é padà wá bí o bá ti pa á. Mo já agogo náà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù wá kú. Mo sì lo ẹ̀rọ mìíràn láti pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé ìjọ, nítorí èyí tí amí bá ti kà kì í tún ṣe àṣírí mọ́.

Etí òsì tíṣà kò gbọ́ràn mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà sídìí láàpútọ́ọ̀pù. Bí a bá fẹ́ fi ètò tuntun kún un báyìí, Bàbá á wá dúró tì wá, á ní ká ka gbogbo àpótí kéékèèké fún òun ní Yorùbá, lọ́kọ̀ọ̀kan. “Èyí ńkọ́, kí ló wí?” Ó máa ń gbàgbé, ẹ̀gbẹ́ òsì tíṣà ló máa ń dúró sí. Ọ̀rẹ́ mi kò ní dáhùn. Bàbá á wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, á sì rọra yí kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì.