Ojú Atukọ̀, Ẹnu Ìyàwó Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí omi ṣì jẹ́ ọ̀nà fún wa, ìdí ẹ́ńjìnnì ni mo ti ń jẹun. Ọkọ̀ ojú omi kan ló ń kó èrò àti ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú, èmi ni mo sì ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni mo máa ń wà nínú ooru. N kì í rí iwájú, n kì í rí ẹ̀yìn. Ohun tí etí mi bá gbọ́ nìkan ni mo mọ̀ nípa ìrìn àjò wa.

Ohùn tí mo sì ń gbọ́ jù ni ti ìyàwó atukọ̀. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló ti ń ra ẹja yíyan tó ń lọ tà ní Ìkòròdú, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ gan-an ló sì máa ń jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí ní èbúté báyìí, ẹnu ìyá náà ṣí nìyẹn.

“Ẹ wo àwọn ará Ìbẹ̀ṣè yìí o! Wọ́n tún ti ri igi mọ́ omi lápá ọ̀tún! Ọkọ̀ apẹja wo wá nìyí, tó dúró síwájú bí ewúrẹ́ tó sùn sójú títì? Háà, omi ọwọ́ òsì mà ti fà, iyanrìn ti yọrí!”

Ó máa ń sú èrò. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí omi náà sọ tiẹ̀.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ kì í dá a lẹ́kun. Bàbá jẹ́jẹ́ ni, ó ti ń tukọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo rò pé sùúrù ni Bàbá ní.

Ọdún kan wá dé tí ọyẹ́ mú bí nǹkan míì. Eruku gba ojú ọ̀run, ikọ́ ń ṣe kálukú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá dé èbúté, ohùn wọn ti há pátápátá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kí wa. Oníbàtà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Àlùhámúdúlílàhí, a ó sinmi lónìí.”

A gbéra. Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ẹ́ńjìnnì mi. Nígbà tí a súnmọ́ Ìbẹ̀ṣè, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fi ẹsẹ̀ lu pákó gbàgbàgbà lókè orí mi. Ìyá ni, bí wọ́n ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbá ọkọ wọn lẹ́yìn.

“Pa ẹ́ńjìnnì!” Bàbá ló ké bẹ́ẹ̀.

Mo pa á, àmọ́ ọkọ̀ ṣì ń yọ́ lọ. Igi ń dá pààpààpà lábẹ́ wa, kí a tó dúró. Mo sáré gòkè. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹja ló fọ́n káàkiri, fìlà oníbàtà sì ti wà lórí omi. A ti wọ àárín igi tí àwọn apẹja so àwọ̀n mọ́. Apẹja tó ni àwọ̀n náà wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, inú ń bí i burúkú.

“Bàbá, ṣé ojú yín fọ́ ni? Gbangba nigi wà!”

Bàbá nawọ́ sí ìyàwó wọn. Wọ́n ní, “Ó ń fọ́ bọ̀, ọmọ mi. Ó pẹ́ tí n ò ti rí ohun tó bá jìnnà mọ́. Ẹnu ìyá yìí ni mo fi ń ríran.”

Èrò pariwo. “Ẹ̀ bá ti pa wá!” Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ìyá fi ìwọ̀nba ohùn tó kù bẹ̀ wọ́n. Ìyá ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn kí olówó ọkọ̀, ọ̀gá tó ni ọkọ̀, má lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn mú apẹja rọ̀. Ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ìdí tiwa, ó wọ ọkọ̀ wa, ó dúró síwájú, ó sì ń ké ọ̀nà fún Bàbá títí a fi dé Ìkòròdú.

Bàbá fúnra wọn ló lọ sọ fún olówó ọkọ̀. Ọ̀gá náà jágbe títí, ó wá ní, “Ẹ lọ tọ́jú ojú yín. Tí dókítà bá ní ẹ lè ríran, ẹ padà wá. Tí kò bá ní bẹ́ẹ̀, ẹ máa sinmi nílé.”

Bàbá, ìyá àti èmi la jọ lọ sí ọsibítù l'Ékòó, nítorí wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe. Nọ́ọ̀sì gbé páálí kan kọ́ ara ògiri. Àwọn àmì tó dà bí òòyà ló wà lára rẹ̀, ó ní kí Bàbá sọ ibi tí eyín òòyà kọjú sí. Bàbá ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó dúró nídìí ọkọ̀.

“Ọ̀tún! Òsì! Ọ̀tún díẹ̀!”

“Bàbá, kò sí ọ̀tún díẹ̀ o,” ni nọ́ọ̀sì wí, ẹ̀rín sì ti ń pa á.

Nígbà tí a padà lọ gba awò ojú tí dókítà ní kí Bàbá máa lò, èmi ni Bàbá kọ́kọ́ wò. “Ìwọ nìyí? Mo rò pé o dára jù báyìí lọ.” Wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn. Ìyá fa ìborùn síwájú orí. Bàbá wò wọ́n pẹ́.

“O ti hewú, o ò sọ fún mi.”

“Ọ̀nà ni ẹ ní kí n máa ròyìn,” ni ìyá dáhùn, “ẹ ò ní kí n ròyìn ara mi.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi ojú fi bo awò, ni nọ́ọ̀sì bá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń nù ún.

Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Olówó ọkọ̀ wá pàṣẹ pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tukọ̀ òun gbọ́dọ̀ lọ yẹ ojú wò. Àwọn ọ̀dọ́ inú àwọn atukọ̀ rẹ̀ yòókù kùn. Ọ̀kan ń fọ́nnu pé òun lè ka ìpẹ́ ẹja nínú omi. Òun ló kọ́kọ́ padà dé pẹ̀lú awò lójú, ó fi okùn so ó mọ́ ọrùn kó má baà bọ́ sómi. Ó dúró ní èbúté, ó ń wo òkè odò bí àlejò. Ó ní òun ò mọ̀ pé igi tó wà lọ́hùn-ún ní ewé.