Husain, Mọ́tò Ìsáré, àti Orúnkún Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni Husain fi jókòó sókè. Òkè tí à ń wí yìí, orí àga awakọ̀ lọ́rì ni o. Láti ibẹ̀ ló ti ń rí òrùlé gbogbo ilé tó wà ní Ayétòrò, ló ti ń rí ẹni tó ń sá aṣọ lẹ́yìn ògiri. Wọ́n tiẹ̀ ní lọ́jọ́ kan tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere, ó wà ní Ọjà-Ọ̀dàn, ó sì rí ẹni tó ń mu omi ní Ìdí-Ìrókò. Ẹ̀gẹ́, pákó, ọsàn, gàrí, kò sí ohun tí lọ́rì yẹn ò rù rí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó wà lókè yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: ó fẹ́ jókòó sílẹ̀. Ó fẹ́ mọ́tò ìsáré, èyí tí wọ́n ń pè ní sípọ́ọ̀tì, tó rẹlẹ̀ débi pé bí awakọ̀ bá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, yóò bu yanrìn.

Ọ̀nà Owódé ni ìfẹ́ náà ti mú un. Ó ń wa lọ́rì lọ jẹ́jẹ́, ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, ó ní kóun ṣe Bísímílá. Kó tó parí rẹ̀, mọ́tò pupa kan ti kọjá, ó ti di ẹyọ ata kan ní iwájú. Pupa mọ́tò náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ata gidi tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fi dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó ta lọ́rì, ó gbájú mọ́ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Owó mọ́tò wà nílẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ni ìṣòro. Ìyàwó rẹ̀ ló kù. Habeebah ni ìyàwó náà ń jẹ́, olùkọ́ ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti wí nǹkan, ó ti wí i nìyẹn.

"Ìyá Afeezat, mo fẹ́ ra sípọ́ọ̀tì."

Habeebah ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Ẹ rà á."

Husain ti to àwíjàre mẹ́rìndínlógún sẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ bà jẹ́ síbẹ̀.

"Àmọ́ o," Habeebah wá gbé bírò sílẹ̀, "ó gbọ́dọ̀ gbé èmi, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ò bá lè gbé wa pé, kò ní sùn nínú ọgbà yìí."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà yìí kì í ṣe eré. Jẹ̀mílátù lorúkọ rẹ̀, òun ló bí Husain, Ìlaró ló sì ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìdílé náà á gbéra láti Ayétòrò lọ kí i. Ìyá Àgbà á ti jókòó síwájú ilé, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣàdúrà sí i. Bí orí kan bá dín, kò ní fi ọwọ́ kan oúnjẹ. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n fi Toheebat sílé nítorí ọ̀fìnkìn. Ìyá Àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ bàtà, ó gun ọ̀kadà, ó lọ sí Ayétòrò, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ, ó sì padà dé Ìlaró kí ọbẹ̀ tó tutù. Nígbà ayé lọ́rì, kò sí wàhálà, iwájú lọ́rì gbà gbogbo wọn. Ní báyìí tí lọ́rì ti lọ, Husain ní láti rí mọ́tò tó máa rẹlẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn, tó sì máa gba orí mẹ́ta fún Ìyá Àgbà.

Ó wá ku ìbéèrè kan: ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀?

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n jókòó pé lé e lórí. Afeezat, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí àkàbà, ní tuntun ni, kí àwọn ọmọ kíláàsì òun lè rí i. Àúdù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní èyíkéyìí tí òrùlé rẹ̀ bá ń ká. Toheebat tó wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, béèrè pé, "Ṣé ó ní fèrèsé tèmi?" Gbogbo ilé ló mọ ìdí. Bí atẹ́gùn ò bá fẹ́ sí Toheebat lójú nínú mọ́tò, ohun tó jẹ lárọ̀ọ́ á padà wá kí gbogbo wọn.

Tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Husain àti Habeebah lọ sí ilé ìtajà mọ́tò kan ní Èkó. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé Husain rí ọkùnrin kan nísàlẹ̀, ó sì ti kí i "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" kó tó rí i pé fìlà òun náà ló dé. Mọ́tò tí wọ́n bá níbẹ̀ kò láfiwé. Husain yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tó fẹ́ fi ṣe aya.

"Àga mélòó ló wà lẹ́yìn?" ló bi ọmọkùnrin tó wọ táì.

"Ẹ̀yìn kẹ̀, sà? Ẹ́ńjìnnì ló wà lẹ́yìn."

"Níbo wá ni àwọn ọmọ mi máa jókòó sí?"

"Wọn kì í sábà gbé ọmọ sínú irú èyí, sà."

Habeebah rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá Afeezat, ẹ bá mi bi í, ṣé àwọn ọmọ lè máa sáré bọ̀ lẹ́yìn?"

Ọmọkùnrin náà mú wọn lọ síbi òmíràn tó ní àga lẹ́yìn, ṣùgbọ́n awọ funfun bí ẹyin lékeléke ni wọ́n fi bo àga náà. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀, pàápàá ẹ̀pà. Husain rántí Àúdù, tí àpò ṣòkòtò rẹ̀ kì í ṣófo ẹ̀pà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò náà, ó rántí gbogbo òkìtì bọ́ǹpù tí àwọn ará abúlé mọ sójú títì láti Ayétòrò dé Ìlaró, ó rí i pé abẹ́ náà máa há sórí àkọ́kọ́ bí ìgbà tí àwo há sórí ikòkò. Ó dìde, ó gbọn agbádá.

"Mo ti wò ó, kò wù mí mọ́. Mọ́tò tí n óò máa pọ̀n bí ọmọ ìkókó kọ́ ni mo wá rà. Tòkunbọ̀ yá."

Ní Owódé, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọmọ́délé, tó ń ta tòkunbọ̀. Ó ti gbé Kútọnu fún ọdún méjìlá, Faransé sì ti bá Yorùbá rẹ̀ pọ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Husain nìkan ló kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó rí i: pupa! Àfi bí ìgbà tí ti ọjọ́sí padà wá wá a. Ilẹ̀kùn méjì, ó rẹlẹ̀, ó sì ní àga lẹ́yìn.

"Ìwé rẹ̀ dà?" Husain kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó ti bá àwọn aláṣọ ìjọba pàdé lójú títì fún ọdún méjìlélógún kò ní ra mọ́tò tí àyà rẹ̀ á máa já.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé pé. Voilà!" Ọmọ́délé kó o sí i lọ́wọ́. Husain kà á tán, ó tún un kà láti ẹ̀yìn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi etí ti ẹ́ńjìnnì bíi dókítà, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò náà pẹ́ títí débi pé Ọmọ́délé fẹ́ gbé ìrọ̀rí fún un. Kò rí àléébù kankan.

Ó wá ku àga ẹ̀yìn. Ohun tí Husain ṣe níbẹ̀, awakọ̀ lọ́rì Ayétòrò nìkan ló lè ṣe é. Lójú tiwọn, kò sí àyè láyé yìí tí wọn kì í fi àpò gàrí wọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé rẹ̀ pàápàá, bíríkìlà bi í bí yàrá ṣe máa tóbi tó, ó ní, "Ogójì àpò." Ó mọ̀ dájú pé àpò méjì ni ọmọ mẹ́ta. Ó lọ gbé àpò gàrí méjì wá láti ọjà, ó fi wọ́n sí àga ẹ̀yìn. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n jókòó tira wọn bí ọkọ àti ìyàwó, àyè tiẹ̀ ṣẹ́ kù tí apẹ̀rẹ̀ kan lè gbà.

"C'est bon? Ṣé ó dáa?" Ọmọ́délé béèrè.

"Ó bọ́n dáadáa. Má tà á fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi àti ará ilé mi ń bọ̀ wá gbé e. Ibí la ó gbà lọ kí ìyá mi."

Kó tó dé Ayétòrò, gbogbo ìlú ti gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun, wọ́n háyà tasí lọ sí Owódé, àwọn ọmọ wọ aṣọ tó dáa jù. Husain ṣí ilẹ̀kùn pupa náà bí ẹni ṣí ààfin.

"Ó yá, ẹ wọlé."

Afeezat ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ká ẹsẹ̀ kan, ó ká ìkejì, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì dìde wá bá etí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Toheebat tẹ̀lé e, ó wá ohun tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé títí, kò sí, gíláàsì tó wà lẹ́yìn kì í ṣí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Àúdù fi lè wọ̀ ọ́ ni kó nà gbalaja lé àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀ bíi pákó.

"Kò ṣeé ṣe!" ni Husain wí. "Àpò méjì ló wọ̀ ọ́! Ojú mi báyìí ni!"

Ohùn Afeezat jáde láti àárín orúnkún rẹ̀. "Bàbá, àpò gàrí ò ní orúnkún."

"Kì í sì í bì," Toheebat fi kún un. Ojú rẹ̀ ti ń yí.

Ọmọ́délé rẹ́rìn-ín títí ó fi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Nígbà tó rí ojú Husain, ó pa ẹ̀rín náà mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ méjì ṣáà lè wọ̀ ọ́. Kí ìkẹta máa wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

Husain wo mọ́tò náà. Oòrùn ń tàn lára rẹ̀. Ó wo Habeebah, tó ti fa àwọn ọmọ jáde, tó ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ Àúdù. Husain rò ó wò: Afeezat nìkan nínú bọ́ọ̀sì, àti ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó na jáde sí orí kẹta tí kò sí níbẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn pupa náà jẹ́jẹ́. "Kò gbé wa. Èyí tó máa gbé wa wà níbí, mo sì máa rí i kí n tó kúrò."

"Bàbá, ẹ ò ṣe fi àwa gan-an wọ̀n ọ́n?" Afeezat ní.

Bí àwọn ọmọ mẹ́ta ṣe di òṣùwọ̀n nìyẹn. Wọ́n ń wọ mọ́tò kan bọ́ sí òmíràn ní ọgbà Ọmọ́délé. Òfin Husain ni pé wọ́n á jókòó níbẹ̀ títí Àúdù á fi jẹ ogún ẹyọ ẹ̀pà. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹyọ méje ni Àúdù jẹ, ooru lé wọn jáde. Nínú ìkejì, orúnkún tún bá etí pàdé. Ọmọ́délé ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ń nu òógùn.

Lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ọ̀kan wà tí eruku ti bò. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, táyà fẹ̀, ó rẹlẹ̀, páìpù èéfín méjì yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ihò imú ẹfọ̀n. Ọmọ́délé fi kọ́kọ́rọ́ yí i. Ẹ́ńjìnnì bú, ilẹ̀ mì, àgbálùmọ̀ mẹ́ta já bọ́. Fìlà Husain sún sẹ́yìn orí.

Àwọn ọmọ wọlé. Afeezat na ẹsẹ̀. Toheebat tẹ bọ́tìnnì, fèrèsé sọ̀kalẹ̀, ó yọ orí jáde, ó mí kanlẹ̀. Àúdù jẹ ogún ẹ̀pà, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì da èèpo sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Àwọ̀ rẹ̀ ni ò dáa tó, ẹ̀gbọ́n," Ọmọ́délé rọra wí. "Àwọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ ni."

"Ẹ̀gẹ́ ló kọ́ ilé tí mò ń gbé," Husain dá a lóhùn. "Ìwé rẹ̀ dà?"

Ó tún ka ìwé, ó tún fi etí ti ẹ́ńjìnnì, ó tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò. Nígbà tó tó, ó jókòó sí àga awakọ̀. Ó lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ jáde, ó sì bu yanrìn. Kò da yanrìn náà nù títí ó fi sanwó tán.

Lójú títì Ìlaró, wọ́n bá lọ́rì símẹ́ńtì kan níwájú. Husain gbójú sókè wò ó, ó rí táyà tó ga ju orí rẹ̀ lọ, ó ní, "Hẹn-ẹn, bí èmi náà ṣe rí lójú wọn nìyẹn!" Títì na gbọọrọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó fọn fèrè, ó ṣe Bísímílá, ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́rì náà di ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ké, "Yéèè!"

"Ẹ rọra o, Bàbá Afeezat!" Habeebah di ìgbànú àga mú.

Husain rọra. Wọ́n lọ jẹ́jẹ́ dé nǹkan bíi máìlì kan. Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ tún gèlè ṣe, ó ń wo iwájú, ó ní, "Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Nígbà tí wọ́n dé Ìlaró, Ìyá Àgbà wà níwájú ilé. Ó gbọ́ fèrè, ó gbé ojú sókè, síbi tí lọ́rì máa ń wà. Kò rí ẹnì kankan. "Ta ló ń fọn fèrè níbẹ̀ yẹn?"

"Ìsàlẹ̀ la wà, Ìyá Àgbà!" Àúdù kígbe.

Wọ́n tú jáde: Afeezat, Toheebat, Àúdù. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé orí kìíní, ó gbé e lé ìkejì, ó gbé e lé ìkẹta. Ó pé. Ó wá rìn sún mọ́ mọ́tò náà, níbi tí Husain ṣì jókòó sí tó ń wá bí yóò ṣe gbé ara rẹ̀ dìde. Láti ìgbà tó ti di awakọ̀, ìyá náà ní láti dúró kí ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ òun tó tó orí rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí níbi tó jókòó sí.

"Èyí dáa ju èyí tó gbé ọ kọ́ sókè yẹn lọ," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ wọlé wá jẹun."