Ajọ̀ Màmá Mi àti Kọnkéré Eléérú

Nígbà tá a wọlé padà lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì tó gbé wa jókòó sílé fún bí oṣù mẹ́jọ, ọ̀nà lábù ni mo kọ́kọ́ gbà. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ló ń lé mi sáré. Àwọn búlọ́ọ̀kù kọnkéré mi ló wà nínú omi níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé táǹkì á ti gbẹ.

Ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ni mo wà, ní yunifásítì kan lápá Yábàá. Ohun tí mò ń wádìí nínú pírójẹ́ẹ̀tì mi kò ṣòro láti yé èèyàn: ṣé a lè yọ díẹ̀ kúrò nínú símẹ́ǹtì, ká fi eérú pákó dípò rẹ̀, kí kọnkéré náà sì lágbára síbẹ̀? Oríṣi mẹ́rin ni mo pò. Ọ̀kan ò ní eérú rárá, eérú inú àwọn mẹ́ta yòókù sì ń pọ̀ ju ara wọn lọ. Nígbà tí wọ́n gan tán, a kó wọn sínú táǹkì omi. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìwé ní kí wọ́n lò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ á tẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi fọ́, a ó sì wá mọ agbára tí kálukú wọn ní.

Eérú yẹn ló kọ́kọ́ sọ mí di arúgbó. Mo máa ń lọ kó lẹ́búlẹ́bú pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta, màá dì í sínú àpò ìrẹsì, màá gbé e wá sílé wa ní Múṣin, màá sì sun ún lẹ́yìnkùlé. Èéfín á gba gbogbo yàrá kan. Àwọn ará ilé á máa mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ sí mi létí. Ó tún di dandan kí n jọ eérú náà kó lè kúnná bíi símẹ́ǹtì, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi jọ̀ ọ́ ju ajọ̀ tí màmá mi fi ń jọ èlùbọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ká mi mọ́ ọn, wọ́n gbé ajọ̀ náà sókè, wọ́n ń gba ojú ihò rẹ̀ wò mí.

"Ajọ̀ mi rèé?"

"Ẹ má bínú, mà. Màá fọ̀ ọ́."

"O máa fọ kí ni? Eérú ti jókòó sí i. Ó dáa. Títí tó o fi máa parí ìwé yẹn, mi ò ní ra ajọ̀ kankan sínú ilé yìí. Mo mọ̀ ẹ́, wàá tún gbé e."

Wọn ò sì rà á lóòótọ́. Ti ìyá tó ń gbé yàrá kejì ni wọ́n ń yá. Ìyá ọ̀hún náà rí mi lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn gbé eérú bò mí lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹni da eérú leérú ń tọ̀ o, ẹnjiníà."

Táǹkì ò gbẹ. Òrùlé lábù ló ń jò, òjò sì ti ń rọ̀ sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tá a fi wà nílé. Mo ti ṣépè fún òrùlé yẹn rí nítorí ìwé mi tó bà jẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú omi tó ti ń yọ̀, mo gbé búlọ́ọ̀kù kan jáde, mo fi aṣọ nù ún. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo yí i síwá sẹ́yìn. Mo gbé òmíràn, mo gbé òmíràn. Omi ti pa gbogbo àmì tí mo kọ sí wọn lára rẹ́, mi ò sì mọ èyí tó léérú yàtọ̀ sí èyí tí kò ní.

Máákà ni mo fi kọ ọ́. Ọ̀gá tó ń tọ́jú lábù ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀dà ni ká lò, máákà ò ní bá omi pẹ́. Àmọ́ àṣà tá a bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa ni: ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni, máákà á gbé e débẹ̀, ta ló ń da ara ẹ̀ láàmú? Àwa tá a ti ń jókòó ti ìyanṣẹ́lódì láti ọdún àkọ́kọ́, tá a mọ̀ dájú pé òmíràn ń bọ̀, àwa náà la tún ń fi máákà kọ àmì sára nǹkan tó ń lọ sínú omi. Mo jókòó sétí táǹkì. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Tí mo bá ní kí n tún un pò, àfi kí n padà lọ sun lẹ́búlẹ́bú, kí n tún dúró de omi. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé ìparí oṣù ni orúkọ àwọn tó máa lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ń lọ. Ẹni tí olùkọ́ ò bá tíì fọwọ́ sí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á dúró de ọdún mìíràn. Àwọn tá a jọ jáde girama tí wọ́n lọ sí yunifásítì aládàáni ti ń ṣiṣẹ́ káàkiri Yábàá, wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà kọ́jìká kọjá níwájú mi láàárọ̀. Mi ò lè fara da ọdún mìíràn. Mo sọ ọ́ síta létí táǹkì níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ló dá mi lóhùn. Omi ti pa àmì tiẹ̀ náà rẹ́ nínú táǹkì kejì, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ṣáà fọ́ gbogbo ẹ̀. Èyí tó bá lágbára jù, pè é ní aláìléérú. Èyí tó tẹ̀ lé e, eérú díẹ̀. Máa tò ó bẹ́ẹ̀ bọ̀ wálẹ̀. Gíráàfù ẹ á gún régé. Ó parí, nó wàhálà."

"Tó bá wá jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Àbẹ́ẹ̀gì, jẹ́ ká lọ síbi tá à ń lọ jàre."

Mo rò ó. Kò sẹ́ni tó máa mú mi sí i, torí ìwé náà sọ pé bí eérú bá ṣe ń pọ̀ ni agbára á ṣe máa dín. Ohun tó bí mi nínú ni pé mo ti lè kọ ìyẹn láti ọjọ́ kìíní, láìfa èéfín símú, láìba ajọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Mo gbé búlọ́ọ̀kù sáàárín irin méjì, ọ̀gá lábù tan ẹ̀rọ, ọwọ́ aago tó ń ka agbára lára ẹ̀rọ náà ń gòkè jẹ́jẹ́. Kọnkéré kì í fi ariwo kú. Á kọ́kọ́ sán díẹ̀ ní igun kan, eruku á dà sílẹ̀, ọwọ́ aago á sì padà sẹ́yìn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fọ́ ni mò ń kọ nọ́ńbà sára àfọ́kù rẹ̀. Ọ̀dà ni mo fi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá lábù wo ọ̀dà náà, wọ́n sì kọ agbára tí aago kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé wọn.

Ìgbà tí mò ń kó àfọ́kù síta ni mo rí i. Ara òde wọn rí bákan náà, ṣùgbọ́n inú wọn ò rí bákan náà. Ọ̀kan mọ́ rúsúrúsú, òmíràn ṣú díẹ̀, òmíràn dúdú bí ìdí ìkòkò. Eérú tí mo sun ò jóná tán, èédú ṣì kù nínú rẹ̀, mo sì mọ àwọ̀ yẹn dáadáa, torí pé inú imú mi àti abẹ́ èékánná mi ló ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo tò wọ́n sínú oòrùn níwájú lábù, láti orí èyí tó mọ́ jù dórí èyí tó ṣú jù. Mi ò wo agbára tó wà nínú ìwé ọ̀gá lábù rárá títí mo fi tò wọ́n tán. Wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́lẹ́. Inú mi dùn débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo agbára wọn. Èyí tó ní eérú díẹ̀ lágbára ju èyí tí kò ní rárá lọ.

Àgbàlagbà ni olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ wa, ojú wọn ti wú nítorí àìsùn. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ wọlé. Gíráàfù rẹ̀ gún lóòótọ́, wọ́n fọwọ́ sí i kó tó jókòó dáadáa. Nígbà tó kàn mí, wọ́n wo tèmi, wọ́n tún un wò.

"Kí leléyìí? Èyí tó léérú ló wá lágbára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo rò pé bó ṣe pẹ́ nínú omi ni. Eérú kì í tètè ṣiṣẹ́ bíi símẹ́ǹtì. Nígbà tá a wà nílé ló ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀."

"Ọ̀gá lábù ṣáà sọ fún mi pé omi pa àmì gbogbo yín rẹ́. Báwo lo ṣe mọ èyí tó jẹ́ èwo?"

Mo gbé àpò ìrẹsì mi kalẹ̀, mo mú àfọ́kù mẹ́rin jáde, mo tò wọ́n sórí tábìlì wọn. Wọ́n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo àwọ̀ inú wọn.

"Ṣé o mọ̀ pé tó o bá tò ó bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí, mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan?"

"Mo mọ̀, sà."

"Tí mo bá wá ní kó o lọ tún un ṣe ńkọ́?"

Ìparí oṣù ti sún mọ́lé.

"Ó ti rẹ̀ mí, sà," mo ní. "Ohun tí mo rí ni mo gbé wá. Tí mo bá purọ́ mọ́ ọn, màá tún máa gbé irọ́ yẹn náà kiri, mi ò sì lágbára ẹ̀ mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ òun náà. Wọ́n mú bírò. "Má kọ ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n síbẹ̀ o. Kọ iye oṣù tó lò nínú omi, kó o sì kọ ìdí ẹ̀." Wọ́n fọwọ́ sí i. "Lọ sùn."

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti sùn, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ajọ̀ ìyá yàrá kejì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i, mà."

Wọ́n gbọn ajọ̀ náà mọ́ ògiri títí èlùbọ́ tó kù lára rẹ̀ fi dà sílẹ̀, wọ́n sì nà án sí mi.

"Lọ dá a padà fún wọn, kó o bá mi dúpẹ́," wọ́n ní. "Lọ́la, màá lọ ra ajọ̀ l'Ọ́yìngbò."