Ọkọ̀ Tí Jẹ́jẹ́ Rà Nítorí Kíá

Jẹ́jẹ́ là ń pè é, onígbàjámọ̀ ni. Òun ló kọ́ Kíá níṣẹ́. Nígbà tí Kíá gba òmìnira, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa lo àga kejì nínú ṣọ́ọ̀bù, òun á máa sanwó àga. Jẹ́jẹ́ gbà. Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Onígbàjámọ̀ tí kò bá rí oníbàárà, inú àga ara rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á kọjú sí dígí. Inú dígí ni Jẹ́jẹ́ ti ń wo àwọn tó tò de Kíá. Wọ́n á máa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ara a máa ta á.

Lọ́jọ́ kan, Kíá gbé ọkọ̀ dé. Àlòkù ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ owó ọwọ́ rẹ̀ ló fi rà á. Jẹ́jẹ́ kí i kú oríire. Kí oṣù tó parí, òun náà ti yáwó ní báǹkì, ó ra tuntun, ó sì gbé e síwájú ti Kíá kó lè bò ó.

Báǹkì ń gbowó lóṣooṣù. Nígbà tí kò rí i san mọ́, ó gba káàdì àwìn lọ́wọ́ báǹkì kan náà, ó ń fa owó yọ níbẹ̀ láti fi san ti ọkọ̀. Ọgbọ́n ló pè é. Èlé orí káàdì sì ju ti ọkọ̀ lọ. Nígbà tó yá, kò rówó epo mọ́. Ọkọ̀ wà nílé, ó ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ tà á."

"Iye táwọn èèyàn ń pè kò tó san gbèsè."

"Iye tí Kíá pè máa kárí gbèsè méjèèjì. Ìyàwó ẹ̀ ló fẹ́ rà á fún. Ó ní ọkọ̀ yín ò gbó, pé ẹ kì í gbé e jáde."

"Kí ìyàwó Kíá máa wa ọkọ̀ mi kiri?"

"Ọkọ̀ báǹkì ni. Ẹ kàn ń bá wọn fọ̀ ọ́ ni."

Jẹ́jẹ́ kò tà á. Ó ń retí kí ẹlòmíràn wá san iye yẹn. Ẹnì kankan ò wá. Báǹkì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wọ́ ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù, Jẹ́jẹ́ bá Kíá sọ̀rọ̀ nínú dígí. "Ìwọ. Ṣé owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà, ọ̀gá."

"Má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín, sà."

"Ẹnu ẹ ń ṣe bákan nínú dígí."

Ẹni tí Kíá ń gẹ̀rí fún ló bú sẹ́rìn-ín.

Ní báǹkì, Kíá sanwó, akọ̀wé sì pa gbèsè méjèèjì rẹ́. Jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n pa káàdì náà pẹ̀lú. Akọ̀wé ní ṣé kò ní fi í sílẹ̀ de ọjọ́ ìpọ́njú.

"Òun ni ìpọ́njú."

Ó fún Kíá ní kọ́kọ́rọ́. Kíá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi gbé yín délé."

"Àwọn tó bá rí wa ńkọ́?"

"Wọ́n á kí wa ni."

"Ìwọ ni wọ́n máa kí."

Kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó mọ́, ara sì ń ta á síbẹ̀. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì báǹkì, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó lọ.