Kí Jíìpù Tó Wọ Omi Bárígà

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi jókòó sílé kí n tó ríṣẹ́ dírẹ́bà lọ́dọ̀ Alága. Ìyàwó mi, tó máa ń pè mí ní "Bàbá Kúdí" tẹ́lẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Mùfútáù" gàdàgbà, ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti jókòó sílé rí mọ ohun tí mò ń wí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Alága fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù dúdú lé mi lọ́wọ́ nílé rẹ̀ ní Bárígà, mo búra nínú ọkàn mi pé kò sóhun tó máa gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi.

Alága àwọn láńlọ́ọ̀dù àdúgbò náà ni ọ̀gá mi. Ó fẹ́ràn oyè yẹn débi pé ìyàwó tó fẹ́ sílé gan-an, Alága ló ń pè é. Ọdún mẹ́rin ló ti ń ṣèlérí pé òun máa tún gọ́tà tó gba abẹ́ títì kọjá ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́, ó gbìyànjú. Ó ní kí wọ́n ṣí sílábù orí rẹ̀ kí wọ́n lè kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Wọ́n ṣí i. Ẹrẹ̀ ò jáde, sílábù náà ò padà.

Ìyá Ẹlẹ́ja, obìnrin tó ń ti Ìlàjẹ létí ọ̀sà gbé ẹja yíyan wá tà lẹ́bàá ibẹ̀, ló ti àga oníke pupa kan tó ti kán lẹ́sẹ̀ bọ ihò náà kí èèyàn má baà jìn sí i. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá rí àga, ògbólógbòó táyà tàbí ẹ̀ka igi tó dá dúró láàárín títì, má bèèrè ẹni tó ni ín. Ṣáà yà fún un.

Bàbá Ràfíù ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Ṣómólú. Ọmọ Ìsẹ́yìn bíi tèmi ni, ó ti wa lọ́rì títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a bá omi lójú títì, mo rò pé jíà ló máa kọ́ mi. Ó ní kí n bọ́ bàtà.

"Ẹsẹ̀ ẹ ni kó kọ́kọ́ wọ omi," ó ní. "Táyà ò lójú. Tó bá dé orúnkún ẹ, padà sílé. Tí ò bá dé ibẹ̀, fi sí jíà kìíní, rọra tẹ̀ ẹ́, má dúró, má sáré, má sì lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ kankan. Tí ọkọ̀ bá wá kú sínú omi, má ṣíná sí i mọ́ o! Omi tí ẹ́ńjìnnì bá mu, mẹkáníìkì ló ń bá a dúpẹ́."

Mo bi í pé tó bá jẹ́ jíìpù ńkọ́.

"Ṣé jíìpù ń lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Mo gbọ́, àmọ́ etí lásán ni mo fi gbọ́ ọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo já wọ omi kan ní Fọlá Agoro láìsọ̀kalẹ̀ wò ó, ọkọ̀ kú síbẹ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ sì bú mi láti ìran bàbá dé ìran ìyá. Látọjọ́ náà ni mo ti ń bọ́ bàtà.

Ní Sátidé kan, òjò rọ̀ di ojúmọ́. Ọjọ́ náà gan-an làwọn láńlọ́ọ̀dù fẹ́ dìbò yan alága tuntun, gbọ̀ngàn ìpàdé sì wà lódìkejì omi. Alága jáde nínú agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ gan-an.

"Mùfú," ó ní, "tí gbogbo wọn bá rí jíìpù mi tó la omi yẹn kọjá, ta ló tún máa lẹ́nu láti sọ pé títì wa ò dáa?"

Mo wá ibi tí ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí i. Mo ní, "Ó dáa, sà."

Nígbà tí a débẹ̀, omi ti gba títì láti ògiri dé ògiri, èrò sì dúró lọ́tùn-ún lósì. Mo dá jíìpù dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ fẹsẹ̀ wò ó, sà."

"Fẹsẹ̀ wo kí ni? Dírẹ́bà jíìpù ń ká ṣòkòtò bí ẹni tó ń lọ pẹja! Ṣé o ò rí i pé wọ́n ń wò wá ni?"

"Ọ̀gá, àga pupa yẹn ni mi ò rí mọ́. Mi ò mọ ibi tí ihò wà."

Alága wúkọ́. "Àga wo? Èmi mọ ibẹ̀. Wakọ̀!"

Mo rántí oṣù mẹ́jọ, mo rántí "Mùfútáù" gàdàgbà. Ó kù díẹ̀ kí n fẹsẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Àmọ́ ojú Bàbá Ràfíù ò kúrò níwájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Mo ti lé ẹ níṣẹ́. Bọ́ọ́lẹ̀!"

Bó ṣe bọ́ sídìí sítíárìn fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó ká agbádá lé èjìká, ó sọ wíńdò kalẹ̀ kó lè rí àyè juwọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja figbe ta: "Alága, ẹ má wọ̀ ọ́ o! Ihò wà níbẹ̀!" Alága rò pé ó ń kí òun ni, ó juwọ́ sí i. Ló bá tẹ jíìpù bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Omi fò sókè, gbogbo àwọn tó fẹ́ kí wọ́n dìbò fóun, omi gọ́tà ló fi wẹ̀ wọ́n.

Gbàgà! Táyà iwájú jìn sí ihò, ìdí jíìpù gbé sókè, ẹ́ńjìnnì kú.

"Ẹ má ṣíná o, sà!" Mo pariwo títí ọ̀fun mi fẹ́ ya. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣíná. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì dún gìrà, ó dákẹ́, ó di ti mẹkáníìkì.

Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n káwọ́ gbera, omi gọ́tà ń ro tótó lára wọn. Inú bí èmi náà, mi ò ní purọ́ pé kò bí mi. Àmọ́ àgbàlagbà ni, omi sì ti ń wọlé bá a. Mo ká ṣòkòtò, mo fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi ti kọjá orúnkún mi.

"Bá mi mú báàgì mi nínú búùtù," ó ní.

Mo ṣí búùtù. Àga oníke pupa kan yọ̀ jáde, ó já sómi, ó léfòó. Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Àga mi rèé o!" Ìyá Ẹlẹ́ja pariwo láti òkè. "Àná ni mo ti èkejì bọ ihò tuntun! Alága, ẹ̀yin lẹ kó àga mi?"

"Àlejò ń bọ̀ wá síbi ìdìbò," Alága kùn sí mi létí, bó ṣe ń gun ẹ̀yìn mi lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ kí n lè pọ̀n ọ́n jáde. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí jákujàku lójú títì."

Mo gbé e, mo rin ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo dúró. Àga méjì. Ihò kan ṣoṣo la ti rí.

"Ọ̀gá, ihò kejì dà?"

Ó di ọrùn mi mú gírí.

"Mi ò rántí ibẹ̀ mọ́. Mùfú, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wò ó."

"Ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ wò ó, sà? Ẹ ti lé mi níṣẹ́."

"Ta ló lé ẹ? Èmi?" Ó ká ẹsẹ̀ sókè kúrò nínú omi. "Bàbá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ṣòkòtò yín dáadáa."

Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo rọra ń wá ilẹ̀.